Ohun Tí Ògiri Mọ̀ Lára Dọ́là

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó dá Ògiri lẹ́jọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ti bínú sí i títí, inú bíbí ọ̀hún ti sú mi.

Ògiri kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá gbáko ló fi ṣọ́ ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà, ẹni tó bá sì gbá bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti dé ìdí ògiri nìyẹn, kó yáa padà síbi tó ti ń bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, òun sì ni balógun ẹgbẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ, wọ́n bí ìbejì, ọkùnrin méjèèjì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó tún ní àbúrò kan, ọmọ ìyá rẹ̀, ọmọ bàbá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n wà, iwájú ni àbúrò wà. Àbúrò yìí ni gbogbo ayé ń pè ní Dọ́là.

Bó ṣe di Dọ́là rèé. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí owó ilẹ̀ wa ṣì lágbára, ọmọ náà ti òkè òkun dé, ó ní inú ẹgbẹ́ tí ẹ̀gbọ́n òun wà lòun fẹ́ wà. Alága ẹgbẹ́ gbé ìwé àdéhùn méjì síwájú rẹ̀ pé kó mú ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́, owó ilẹ̀ wa ni wọ́n á máa fi san án, owó tó jọjú. Èkejì, dọ́là ni, ṣùgbọ́n táṣẹ́rẹ́ ni, kò ju ìdajì ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ náà mú dọ́là. Ẹ ẹ̀ rí ẹ̀rín lọ́jọ́ náà! Ògiri dúró láàárín yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ wá wo àbúrò mi o. Wọ́n fún un lẹ́ran, ó ní egungun lòun fẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Dọ́là, ẹ káàbọ̀!" Ibẹ̀ lorúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí Ògiri fúnra rẹ̀ ti gbàgbé: òun ló sọ ọ́ lórúkọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Lọ́dún kejì, owó wa bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó kọ́kọ́ ń já díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tó yá, kò dúró lórí àtẹ̀gùn mọ́, ó fò sílẹ̀ gbì. Ta ló sì kọ́kọ́ fara gbá a bí kò ṣe àwọn eléré bọ́ọ̀lù? Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, òkè òkun ló ti ń wá. Bàtà, òkè òkun. Ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé, òkè òkun. Òróró tí wọ́n ń fi ra orúnkún, òkè òkun. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹgbẹ́ ti ta bọ́ọ̀sì rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń bá lọ síbi ìdíje, wọ́n á dé ibẹ̀ tí eruku ti sọ ọmọ ogún ọdún di arúgbó. Bọ́ọ̀lù mẹ́rin ló kù fún ìdánrawò, ọ̀kan nínú wọn sì ń yọ ikùn bí aboyún. Bàbá àgbàlagbà tó ń tọ́jú aṣọ àti bàtà wọn, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Bàtà, gọ́ọ̀mù àti okùn apẹja ló fi ń to bàtà àwọn agbábọ́ọ̀lù pọ̀. Bàtà Ògiri alára, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti là lẹ́nu, ó wá fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ dè é lókè bí ẹni di àpò èédú.

Owó oṣù wọn ńkọ́? Iye tó wà náà ló wà, ṣùgbọ́n ohun tó ń bọ́ ilé fún oṣù kan tẹ́lẹ̀ kò bọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan mọ́. Nígbà tó tiẹ̀ yá, Alága ò rí i san mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn Dọ́là ò yí padà, dọ́là ni wọ́n kọ síbẹ̀. Dọ́là táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí, téèyàn bá ṣẹ́ ẹ sí owó wa báyìí, ó ju owó oṣù èèyàn mẹ́wàá nínú àwọn yòókù lápapọ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Láràárọ̀, kí Ògiri tó bọ́jú, á ti tan rédíò. Kì í gbọ́ orin, kò sì bìkítà ohun tí ìjọba ń sọ. Iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là ló fẹ́ mọ̀. Tí wọ́n bá ní owó wa tún ti já, àwọn ará ilé á figbe ta, wọ́n á ní, "Yéè, a gbé!" Ògiri ò ní pariwo. Á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á máa ṣírò ẹ̀ lọ́kàn: lóṣù tó kọjá, ti àbúrò mi jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá tèmi, láàárọ̀ yìí ó ti di mẹ́rìnlá, ọmọ náà ò sì tíì jí lójú oorun.

"Bàbá Ìbejì," ìyàwó rẹ̀ á bi í, "kí ló kàn yín kan dọ́là? Ṣé ẹ ní ọ̀kan ni?"

"Mo ní àbúrò tó ní in."

"Ẹ wá máa dúpẹ́ nígbà náà."

"Mo ń dúpẹ́."

Irọ́ ni. Kò dúpẹ́ kankan. Kí n má fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, ìlara ni. Ọkùnrin náà ń jowú ọmọ ìyá rẹ̀, owú náà sì ń ta á láyà bí ẹni mu ata. Tí wọ́n bá pe Dọ́là níbi kan tí wọn ò pe òun, ọjọ́ mẹ́ta ni kò ní rẹ́rìn-ín. Tí ìyá wọn bá tẹ̀ ẹ́ láago tó ní, "Àbúrò ẹ ṣe dáadáa sí mi o," á ní, "Ẹ kú oríire, Màmá," á gbé fóònù sílẹ̀, á jáde lọ dúró síta bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan ẹ̀.

Èyí tó wá bà á nínú jẹ́ jù ni ti iléèwé àwọn ìbejì. Wọ́n lé àwọn ọmọ náà padà sílé nítorí owó iléèwé. Ọjọ́ kejì, ọ̀gá iléèwé ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa bọ̀, pé àbúrò bàbá wọn ti wá yanjú ẹ̀, tọdún kan gbáko. Ìyàwó Ògiri bú sẹ́kún ayọ̀.

"Ọlọ́run á bá wa bù kún un," obìnrin náà ń nu ojú. "Àwọn kan ò ní ṣe é."

"Àwọn kan wo?" Ògiri bi í.

"Mi ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni o. Ṣé mo pe orúkọ yín ni?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló bá àwọn ìbejì níwájú ilé, wọ́n bọ́ ẹ̀wù funfun wọn, wọ́n ń fi yíǹkì kọ nọ́ńbà sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ní jẹ́sì. Nọ́ńbà márùn-ún ni bàbá wọn ń wọ̀ láti ọdún mẹ́tàlá. Mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ, nọ́ńbà Dọ́là, àwọn méjèèjì. Ògiri ò bá wọn wí. Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn mọ́ra, ó sì sunkún. Ó sunkún o, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, kò ní jẹ́wọ́ fún yín.

Kí n má parọ́, Dọ́là náà kì í ṣe áńgẹ́lì. Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun. Tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù bá kígbe "Dọ́là! Dọ́là!" níta, á yí fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń gbóná mọ́ lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ pupa kan tó rà nígbà tó dé láti òkè òkun, fún oṣù bíi mélòó kan, wọn ò rí i mọ́. Tí wọ́n bá bi í, á ní, "Ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì." Ògiri á yínmú. Á sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó ń dúró de páàtì láti òkè òkun, kí ló kàn án, ṣebí òun ló ni dọ́là. Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, tí ìdánrawò bá ti parí, Dọ́là a máa tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé lọ jẹun, lọ bá àwọn ìbejì ṣeré. Tẹ́ ẹ bá jáde ní géètì pápá, ọwọ́ ọ̀tún lojú ọ̀nà ilé Ògiri, ọwọ́ òsì lẹ máa gbà lọ síbi tí ọkọ̀ ti ń gbérò lọ sí ìlú míì. Láti ọdún mẹ́rin, Ọjọ́bọ̀ kan ò lọ tí Dọ́là ò yà sọ́tùn-ún.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Alága pe Ògiri àti Kóòṣì sí ọ́fíìsì. Wọ́n ti tú ẹ̀rọ amúlétutù tà, páálí ni wọ́n fi dí ihò rẹ̀ lára ògiri. Àwọn ife ẹ̀yẹ tí ẹgbẹ́ gbà lọ́jọ́sí tò lórí pẹpẹ, kò sẹ́ni tó nù wọ́n.

Alága ní, "Ohun tó bá ojú ló bá imú. Owó ìlú ṣubú, àwa náà ṣubú. Ohun kan ló kù tá a lè tà, àbúrò ẹ náà ni. Alágbàtà kan ń bọ̀ láti òkè òkun lọ́jọ́bọ̀ wá wò ó. Tí wọ́n bá rà á, dọ́là ni wọ́n á fi san án. Màá fi san gbogbo ohun tí mo jẹ yín, a ó sì rí owó wọ ìdíje tọdún tó ń bọ̀. Tí wọn ò bá rà á, màá ti géètì yìí pa, kí kálukú gba ilé ẹ̀ lọ. Mi ò ní ọgbọ́n míì."

Kóòṣì yíjú sí Ògiri. "A máa pín ara wa sí méjì, ìwọ lo máa mú un. Ọkùnrin yẹn fẹ́ rí i kó kojú adènà gidi. Má ṣeré fún un jù, kí wọ́n má mọ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó kọjá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tán."

"Mo gbọ́," Ògiri wí. "Àbúrò mi kúkú ni."

Ó sì ní in lọ́kàn lóòótọ́. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, tí ẹ bá là á láyà, ẹ ò ní bá ohun míì níbẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n jẹ òun náà, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ. Yàtọ̀ síyẹn, tí wọ́n bá ta Dọ́là, á lọ jìnnà, ojú òun á sinmi.

Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín níbí. Ògiri ló kọ́ Dọ́là ní bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìnkùnlé bàbá wọn ni, láàárín ògiri balùwẹ̀ àti táǹkì omi, ibi tí kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́jọ lọ. Ọmọ ọdún méje ni àbúrò nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n á dúró, àbúrò á gbé bọ́ọ̀lù wá, á fẹ́ gé e kọjá. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n fi rí nǹkan kan: kí ọmọ yìí tó yà sósì, ahọ́n rẹ̀ á kọ́kọ́ kan ètè òkè, fìrí, bí ẹni tọ́ oyin wò. Ara á máa ṣe bí ẹni ń lọ sọ́tùn-ún, ojú á máa wo ọ̀tún, ṣùgbọ́n tí ahọ́n bá ti yọ, òsì ló ń lọ. Ọmọ náà ò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ògiri ò sì sọ fún un. Ta ló ń fi nǹkan bẹ́ẹ̀ sọ fún àbúrò tó ti fẹ́ máa gé òun níṣojú àwọn ọmọ àdúgbò? Ọmọ náà dàgbà, ó lọ òkè òkun, ó dé. Àwọn adènà ìlú méjì ni yíyà sósì yẹn ti dá lẹ́sẹ̀. Ahọ́n náà ṣì ń yọ, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń rí i.

Ọjọ́bọ̀ pé. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń múra. Ògiri jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń na rọ́bà kẹ̀kẹ́ mọ́ bàtà rẹ̀. Dọ́là wọlé, ó gbé páálí kan dání, ó rìn dé iwájú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bọ́ èyí sílẹ̀ jàre. Ẹ wo èyí."

Bàtà tuntun ni, ó ń dán, eyín abẹ́ rẹ̀ ò tíì kan ilẹ̀ rí. Gbogbo yàrá yíjú sí i. Láti ọdún méjì, kò sẹ́ni tó fojú kan bàtà tuntun níbẹ̀. Aṣọ́lé, tí ẹnu rẹ̀ kì í pa dé, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Balógun, ẹ ò kí bàbá yín ni? Bàbá ra bàtà ọdún fún yín!"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Dọ́là náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ẹ fi bọ̀ọ̀dá mi sílẹ̀ o." Ògiri dúpẹ́. Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó bá a mu bí ẹni wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá Bàtà gbé ògbólógbòó bàtà nílẹ̀, ó ní òun á fi pamọ́. Ẹ̀rín yẹn ò kúrò létí Ògiri. Ó ń bá a lọ títí ó fi dé orí pápá: bàbá yín ra bàtà fún yín. Ọmọ tí òun ń nu ikun nímú rẹ̀!

Alágbàtà jókòó lábẹ́ agboòrùn, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, ó gbé ìwé lé itan. Alága jókòó tì í, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ọmọ ọ̀dọ̀. Wọ́n fọn fèrè.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Dọ́là ní ìṣẹ́jú kẹta. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ògiri ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Jẹ́ kó lọ, jẹ́ kó lọ." Ahọ́n yọ, fìrí. Kí Ògiri tó mọ ohun tó ń ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ òsì Dọ́là, bàtà tuntun di ilẹ̀ mú ṣinṣin, bọ́ọ̀lù ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan níta pàtẹ́wọ́. Ó pẹ́ tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún un kẹ́yìn.

Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀kan péré nìyẹn, òun á fi ìkejì sílẹ̀. Ìkejì dé, ahọ́n yọ, ó tún gbà á. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbà á mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bí ẹni gba ṣíbí lọ́wọ́ ọmọ ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gbóná wàyí. Ó rí i pé alágbàtà tó ń kọ̀wé tẹ́lẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Kóòṣì ń fi ọwọ́ ṣe àmì sí i létí pápá, ó ń fi ìka méjì hàn án, ó ń fi mẹ́ta hàn án, bí ẹni ń bá odi sọ̀rọ̀. Ògiri rí i. Mo ní ó rí i! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò rí i. Ó dùn mọ́ ọn ni. Fún ọdún méjì gbáko, àárọ̀ kan ò mọ́ tí ọmọ yìí ò ga ju òun lọ láìgbé ẹsẹ̀. Níhìn-ín, lórí koríko, dọ́là ò lè bá a gé òun.

Ó gbà á lẹ́ẹ̀mẹfà. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè ìparí, Dọ́là gbé ìkeje dé, òógùn bò ó, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó súnmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ èémí ara wọn. Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹlòmíì ò gbọ́:

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ahọ́n rẹ̀ yọ. Ògiri sì gbà á.

Alágbàtà dìde, ó ká ìwé rẹ̀. Ó bá Alága sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó nàka sí Ògiri. Ẹ gbọ́ mi o, fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan, orí Ògiri wú. Ó na àyà, ó nu ojú. Ó rò pé òun ni wọ́n fẹ́ mú lọ. Alága dá ọkùnrin náà lóhùn: ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó mi orí, ó bọ Alága lọ́wọ́. Ó ní agbábọ́ọ̀lù tí kò lè gé bàbá arúgbó kan kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí lòun fẹ́ sọ fún àwọn tó rán òun? Ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, gbogbo ẹgbẹ́ kún ọ́fíìsì Alága, àwọn kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Alága ò pariwo. Ó sọ pé ó ti parí, pé kí wọ́n kó ẹrù wọn. Aṣọ́lé, òun tó ń fi ẹnu gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀, figbe bọnu:

"Ẹ ti ṣe máa san dọ́là fún Dọ́là, tẹ́ ẹ wá ní ẹ ò rówó fún wa? Ṣé òun nìkan ló ń jẹun ni?"

Alága wò ó. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ, ọmọ mi. Ibo ni mo ti fẹ́ rí dọ́là? Oṣù mọ́kànlá rèé, mi ò fún ọmọ yìí ní ẹyọ kan. Orí ìwé ni dọ́là rẹ̀ wà." Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú abala ìwé kan jáde. "Ẹ wo èyí. Ó fọwọ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní tí wọ́n bá ra òun, òun dárí oṣù mọ́kànlá yẹn jì wá, kí n fi owó náà san tiyín."

Bàbá Bàtà tó jókòó sórí àpótí ló sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́, kò tiẹ̀ wo Ògiri: "Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń ṣekú pa ejò." Wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó bá Ògiri sọ̀rọ̀. Kóòṣì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó.

Ó bá Dọ́là ní yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó ń kó ẹrù sínú báàgì. Ògiri dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tó fẹ́ kó ọwọ́ sí.

"Owó iléèwé àwọn ìbejì ńkọ́?" Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu nìyẹn.

"Ọkọ̀ ò sí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, Bọ̀ọ̀dá mi. Mo ti tà á."

"Bàtà ńkọ́?"

"Tèmi ni. Òkè òkun ni mo ti rà á, mo tọ́jú ẹ̀. Ṣebí ẹsẹ̀ kan náà la ní."

"Kí ló dé tó ò sọ? Kí ló dé tó ò sọ fún èmi?"

Dọ́là jókòó. "Alága ní kí n má sọ, pé tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹgbẹ́ ò rówó san mí, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n máa fẹ́ fi rà mí. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Dọ́là. Gbogbo yín fi mí ṣẹ̀sín nígbà yẹn. Nígbà tó wá di pé wọ́n ń fi orúkọ yẹn bọ̀wọ̀ fún mi, ó dùn mọ́ mi. Mi ò lè sọ ọ́ mọ́." Ó fa sípù báàgì, ó tún dá a padà. "Bọ̀ọ̀dá mi, mi ò bínú nípa tòní. Ṣùgbọ́n ẹ sọ nǹkan kan fún mi. Ẹ̀ẹ̀meje lẹ gbà á. Látìgbà tá a wà lẹ́yìnkùnlé lẹ ti ń gbà á. Kí lẹ̀ ń rí lára mi? Mo fẹ́ wá alágbàtà míì lọ. Ẹ sọ fún mi kí n tún un ṣe."

Ó rọrùn láti sọ. Gbólóhùn kan péré ni: ahọ́n ẹ ni, pa ẹnu ẹ dé. Ògiri la ẹnu.

Ṣé ẹ rò pé nígbà tí dọ́là ti kúrò nílẹ̀, ìlara á bá a lọ? Ó tì o. Ó tún wá le sí i ni. Owó ló ń jowú tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ìwà ni. Ọmọ yìí ta ọkọ̀, kò sọ. Ó fi iṣẹ́ oṣù mọ́kànlá jin àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, kò sọ. Wọ́n bà á láyé jẹ́ láàárọ̀, ó ní òun ò bínú. Ibi tí Ògiri rò pé òun ṣì fi ẹ̀gbọ́n jù ú, àbúrò ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù láyé tí Ògiri ní tí Dọ́là ò ní, orí ètè Dọ́là fúnra rẹ̀ ló sì wà.

"Kò sí nǹkan kan," Ògiri wí. "Ọjọ́ ò kàn dáa fún ẹ ni."

Dọ́là gbójú sókè, ó wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ó wá dìde, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó rẹ́rìn-ín sí i bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín.

"Kò burú, Ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́bọ̀ kúkú ni. Ẹ máa lọ ná, mò ń bọ̀ nílé. Ẹ sọ fún àwọn ìbejì pé mò ń bọ̀."

Ahọ́n rẹ̀ kan ètè òkè, fìrí.

Ó jáde. Ògiri dúró lójú fèrèsé, ó ń wò ó bó ṣe ń la pápá kọjá. Ó mọ̀. Àyè wà láti pè é, ohùn rẹ̀ á dé ibẹ̀. Kò pè é. Dọ́là dé géètì, ó kọjú sọ́tùn-ún bí ẹni ń lọ síbẹ̀, ó sì yà sósì.